Àgékù Aṣọ Abẹ́ Máṣíìnì: Rọ́bà Ìdìrun Tí Ọmọ Iṣẹ́ Lè Rán

Ẹ̀yin ọmọ iṣẹ́ télọ̀ tẹ́ ẹ wà ní Ọ̀yọ́ àti Ògbómọ̀ṣọ́, tẹ́ ẹ ń gbálẹ̀ ṣọ́ọ̀bù lọ́wọ́, ẹ rọra dá ọwọ̀ dúró ná. Ẹ̀yin gan-an ni mo bá wá.

Kí lẹ̀ ń gbá dànù yẹn? Ẹ wolẹ̀ dáadáa. Ṣé eruku nìkan ni? Rárá o. Àgékù àǹkárá wà níbẹ̀. Àgékù sátínì wà níbẹ̀. Ègé léèsì tó ṣẹ́kù lára bùbá ìyá ìyàwó wà níbẹ̀. Owó ni wọ́n fi ra gbogbo rẹ̀ lọ́jà. Iye kan náà tí wọ́n ra èyí tó di aṣọ ni wọ́n ra èyí tó wà nílẹ̀ẹ́lẹ̀ yẹn. Ìdí nìyẹn tí mo fi ní ká sọ̀rọ̀ lórí àgékù aṣọ lónìí, àti lórí ohun kékeré kan tí a lè fi í rán: rọ́bà ìdìrun aláṣọ, èyí tí àwọn ọmọbìnrin wa fi ń so irun wọn pọ̀ sẹ́yìn, tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ń pè ní scrunchie.

Ẹ jẹ́ kí n tètè sọ ibi tí mò ń lọ. Mo fẹ́ kí àgékù aṣọ kúrò ní ilẹ̀ tí ọmọ iṣẹ́ ń gbá, kó di iṣẹ́ tí ọmọ iṣẹ́ ń kọ́, kí ọmọ náà sì máa ti ibẹ̀ rí owó díẹ̀ sápò. Ẹ fi èyí sọ́kàn. Mo máa padà sórí rẹ̀.

Níbo ni àgékù ti ń wá ná? Ẹni tó bá kó yáàdì mẹ́fà àǹkárá fún télọ̀, kò sí bí télọ̀ náà ṣe mọ aṣọ gé tó tí kò ní sí ìyókù. Ọrùn tí a gbẹ́, ègé rẹ̀ á bọ́ sílẹ̀. Abíyá tí a gé, ègé rẹ̀ á bọ́ sílẹ̀. Bó bá wá jẹ́ síkẹ́ẹ̀tì tó fẹ̀ nísàlẹ̀ ni, tàbí gáùn ìgbàlódé, àgékù á tún pọ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ, nítorí pé ara èèyàn rí róbótó, igun mẹ́rin sì ni aṣọ ọjà ní. Ohun tó wà láàárín méjèèjì ni àgékù. Nítorí náà, kì í ṣe àìmọ̀ọ́ṣe télọ̀ ló ń mú àgékù wá. Inú iṣẹ́ náà ló wà.

Kí la ń ṣe sí i? Àwọn kan ń kó o sínú àpò, wọ́n á fi kún inú ìrọ̀rí. Ìyẹn dára. Àwọn kan ń kó o fún mẹkáníìkì kó fi nu epo ọwọ́. Ìyẹn náà dára. Ṣùgbọ́n èyí tó ń lọ sínú gọ́tà kò kéré, èyí tó ń lọ sínú iná ẹ̀yìnkùlé kò kéré. Tí òjò bá wá rọ̀ tí gọ́tà ti dí, ṣebí ẹ̀yin náà mọ ibi tí omi ń gbà? Inú ṣọ́ọ̀bù náà ló ń padà sí.

Ti iná ńkọ́? Aṣọ tó bá jẹ́ òwú gidi, yóò jó di eérú. Ṣùgbọ́n púpọ̀ nínú aṣọ tí à ń rán lóde òní ni pọliẹ́sítà. Inú epo rọ̀bì ni wọ́n ti ń rí ohun tí wọ́n fi ń ṣe é, ohun kan náà sì ni wọ́n fi ń ṣe ìgò oníke tí à ń fi mu omi. Ẹni tó bá ń sun àgékù sátínì pọliẹ́sítà, ike ló ń sun yẹn. Èéfín rẹ̀ kò dára fún àyà ẹnikẹ́ni, pàápàá jù lọ àyà ọmọ kékeré tí ọ̀gá ní kó dúró tì í títí iná náà yóò fi kú.

Ẹ sì má jẹ́ kí àgékù ga jọ lábẹ́ máṣíìnì. Áyọ́ọ̀nù ń gbóná lókè, wáyà iná ń bẹ lára ògiri, aṣọ gbígbẹ wà nísàlẹ̀. Ará Ọ̀yọ́ ò tíì gbàgbé bí iná ṣe jó ọjà Àkẹ̀sán ní oṣù kìíní ọdún 2020, tí àwọn ìyá wa pàdánù ọjà tí wọ́n ti ń kó jọ láti ọjọ́ pípẹ́. Ẹni tí ojú rẹ̀ bá ti rí irú ìyẹn, kì í fi ohun tó ń tètè gbaná há ẹsẹ̀ ara rẹ̀.

Ó dáa. Ṣé a ṣẹ̀ṣẹ̀ fẹ́ mọ ìlò àgékù aṣọ nílẹ̀ Yorùbá ni? Rárá o. Nígbà tí egúngún bá jáde, ẹ wo ẹ̀kú tó wọ̀. Ègé aṣọ lórí ègé aṣọ ni. Àrán wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ àǹkárá, òfì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ léèsì, etí rẹ̀ sì ní oríṣiríṣi àwọ̀. Ọ̀pọ̀ ẹbí ló máa ń fi aṣọ tuntun kún ti àtijọ́ bí ọdún ṣe ń gorí ọdún, tí ẹni tó bá mọ aṣọ dáadáa fi lè wo ẹ̀kú kó mọ bí ìdílé náà ṣe pẹ́ tó. Kò sí ọmọ Yorùbá tó máa wo ẹ̀kú kó ní àkísà lásán ni. Àwọn àgbà wa ló kúkú sọ ọ́ pé bí ọmọdé bá láṣọ bí àgbà, kò lè ní àkísà bí àgbà. Wọ́n ka àkísà mọ́ ohun ìní. Wọ́n mọ̀ pé ẹni tó ní àkísà púpọ̀ ti ní aṣọ púpọ̀ rí.

Ẹ tún wo òfì fúnra rẹ̀, èyí tí àwọn ẹlòmíràn ń pè ní aṣọ òkè. Ìsẹ́yìn lókìkí nídìí rẹ̀, wọ́n sì ń hun ún ní Ọ̀yọ́ náà. Báwo ló ṣe ń jáde láti orí òfì? Tẹ́ẹ́rẹ́ tẹ́ẹ́rẹ́ ni. Ìbú rẹ̀ kì í ju bí ìńṣì 4 sí 6 lọ. Télọ̀ ló ń so tẹ́ẹ́rẹ́ mọ́ tẹ́ẹ́rẹ́ tó fi ń di agbádá tí ọba ń wọ̀. Ẹ gbọ́ mi yé o: aṣọ tó níyì jù lọ lọ́wọ́ wa, ègé kéékèèké tí a so pọ̀ ni. Bí ègé aṣọ tó fẹ̀ ní ìńṣì 4 bá wà lọ́wọ́ ọmọ iṣẹ́, kó má ṣe fojú di í. Ìbú yẹn gan-an ni a máa lò lónìí.

Ẹ jẹ́ ká wá sórí rọ́bà ìdìrun. Kí ló wà nínú rẹ̀? Rọ́bà pẹlẹbẹ kan ló wà láàárín, irú èyí tí à ń kì bọ ìdí síkẹ́ẹ̀tì ọmọ ilé-ìwé. Aṣọ ló bò ó yípo. Aṣọ náà gùn ju rọ́bà lọ ní ìlọ́po méjì àti díẹ̀, ìdí nìyẹn tó fi ń ṣùjọ tó ń kákò. Kò ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Ta ló kọ́kọ́ gbé e dé ọjà ayé? Obìnrin olórin kan ni, ará Amẹ́ríkà, Rommy Hunt Revson lorúkọ rẹ̀. Láàárín ọdún 1980 sí 1989, ohun tí wọ́n fi ń di irun lọ́hùn-ún ní irin àti ike lára, ó sì ń já irun rẹ̀. Ó wo ìdí ṣòkòtò tó fi ń sùn, ó rí bí rọ́bà ṣe wà nínú aṣọ láìfara kan èèyàn, ó ní ṣé èyí ò lè ṣiṣẹ́ lórí irun ni? Ó jókòó ti máṣíìnì, ó rán an. Ní ọdún 1987, ìjọba Amẹ́ríkà fún un ní ìwé ẹ̀rí pé òun ló ni àrà náà, ó sì fi orúkọ ajá rẹ̀, Scunci, pè é. Ọdún 2022 ló kú. Kí ló dé tí mo fi sọ ìtàn yìí? Nítorí pé ìdí ṣòkòtò ló ti kọ́ ọ. Ohun tí obìnrin yìí rí, gbogbo télọ̀ tó wà ní Ọ̀yọ́ àti Ògbómọ̀ṣọ́ ló ń fi ọwọ́ ara rẹ̀ rán in lójoojúmọ́.

Báwo ni ọ̀rọ̀ irun ṣe kan tiwa? Òwú ni àwọn ìyá wa fi ń kó irun, ọwọ́ lásán ni wọ́n fi ń di ṣùkú àti kòlẹ́sẹ̀. Nígbà tí ayàwòrán wa, J. D. 'Okhai Ojeikere, bẹ̀rẹ̀ sí í ya fọ́tò irun àwọn obìnrin Nàìjíríà ní ọdún 1968, iṣẹ́ ọwọ́ àti iṣẹ́ òwú ló kún inú àwòrán rẹ̀. Lóde òní, rọ́bà dúdú tín-ín-rín ni ọ̀pọ̀ ọmọbìnrin fi ń so irun pọ̀. Ó dùn-ún rà, ó sì wà níbi gbogbo. Ṣùgbọ́n bí wọ́n bá fẹ́ yọ ọ́, ó máa ń lọ́ mọ́ irun, á sì já a. Bí wọ́n bá ń so ó le koko lójoojúmọ́, irun iwájú orí á bẹ̀rẹ̀ sí í di tín-ín-rín, títí awọ orí á fi hàn.

Ṣé rọ́bà aláṣọ á wá wo irun tó ti já sàn ni? Rárá o. Ẹ má tan oníbàárà yín. Bí wọ́n bá so rọ́bà aláṣọ le koko, òun náà á fa irun. Àǹfààní tó ní ni pé aṣọ ló ń kan irun, kì í ṣe rọ́bà, kì í sì í fún un mọ́ra lójú kan. Ẹni tó bá so ó pẹ̀lẹ́, irun rẹ̀ á sinmi.

Irú aṣọ wo ló wá yẹ? Ibí yìí ló yẹ ká dúró díẹ̀, nítorí ohun tí a bá gbé sórí irun yàtọ̀ sí ohun tí a fi nu máṣíìnì.

Sátínì dára púpọ̀, nítorí ojú rẹ̀ ń yọ̀, irun á máa yọ̀ lórí rẹ̀, kò ní há. Àǹkárá olówùú dára, ó rọrùn láti rán, ó sì lẹ́wà. Ohun kan ló wà lára òwú: ó máa ń fa epo mu. Ẹni tó bá fi àdí tàbí òrí pa irun, àǹkárá á fa díẹ̀ níbẹ̀. Nítorí náà, ẹni tí irun rẹ̀ máa ń gbẹ, ẹ fún un ní sátínì. Àrán náà dára, ó di irun mú, kì í tètè yọ̀ bọ́. Léèsì oníhò ńkọ́? Irun á máa há sínú ihò rẹ̀. Bí ẹ bá fẹ́ lò ó, ẹ fi aṣọ mìíràn tẹ́ ẹ nínú kí léèsì wà lókè fún ẹwà, ṣùgbọ́n fún irun ọmọdé, ẹ fi í sílẹ̀. Òfì lẹ́wà lójú mi ju gbogbo wọn lọ, àmọ́ ó ki, yíyí i síta máa ń ṣòro. Èyí tó bá sì ní òwú dídán nínú máa ń họ irun. Òfì pẹlẹbẹ tó ti rọ̀ nítorí ọjọ́ pípẹ́ ni kẹ́ ẹ wá.

Báwo lẹ ṣe máa mọ̀ bóyá àgékù kan jẹ́ òwú gidi tàbí pọliẹ́sítà? Ẹ fa fọ́nrán kan ṣoṣo yọ létí rẹ̀. Ẹ gbé omi sẹ́gbẹ̀ẹ́, ẹ jìnnà sí òkìtì aṣọ, ẹ tanná ràn án. Òwú gidi á jó bí ìwé, á rùn bí ìwé, eérú rẹ̀ á sì rọ̀ lábẹ́ ìka. Pọliẹ́sítà á yọ́, á kákò, á di kóró kékeré dúdú tó le. Mo tún un sọ: òwú di eérú, pọliẹ́sítà di kóró. Kì í ṣe pé ọ̀kan burú. Ó kàn yẹ kí ẹ mọ ohun tí ẹ̀ ń tà, kí ẹ lè sọ òtítọ́ fún ẹni tó fẹ́ rà, kí ẹ sì mọ bí áyọ́ọ̀nù yín ṣe gbọ́dọ̀ gbóná tó.

Kí ẹ tó gé e, ẹ fọ̀ ọ́. Àdìrẹ àti àǹkárá aláwọ̀ dúdú tàbí pupa máa ń tú àwọ̀. Ẹ máa fọ̀ ọ́ títí omi rẹ̀ á fi mọ́. Ẹni tí àwọ̀ elú bá kun kọ́là funfun rẹ̀ nítorí rọ́bà tẹ́ ẹ tà fún un kò ní padà wá mọ́.

Ó yá, ẹ mú téèpù àti ṣọ́ọ̀kì. Ohun mẹ́ta péré ni kẹ́ ẹ há sórí: ìbú, gígùn, rọ́bà. Ìbú aṣọ jẹ́ ìńṣì 4. Gígùn aṣọ jẹ́ ìńṣì 22. Rọ́bà jẹ́ ìńṣì 9. Ẹ bá mi tún un sọ: ìbú 4, gígùn 22, rọ́bà 9. Fún ọmọ kékeré, ẹ dín rọ́bà kù sí ìńṣì 7, kí aṣọ náà sì kúrú díẹ̀. Rọ́bà tó fẹ̀ ní ìdámẹ́rin ìńṣì ló dára jù.

Bí ẹ kò bá rí àgékù tó gùn tó ìńṣì 22 ńkọ́? Ẹ so ó pọ̀. Ègé mẹ́ta tí ọ̀kọ̀ọ̀kan gùn ní ìńṣì 8, á fún yín ní ìńṣì 22 lẹ́yìn ìsopọ̀, nítorí ìsopọ̀ kọ̀ọ̀kan á jẹ ìńṣì kan, ìdajì níhìn-ín, ìdajì lọ́hùn-ún. Lẹ́yìn tẹ́ ẹ bá ti so ó, ẹ la ojú rírán náà, ẹ lọ̀ ọ́ kó tẹ́ pẹrẹsẹ, kó má baà ki. Ẹ sì wo bí òwú aṣọ ṣe lọ kẹ́ ẹ tó gé e. Aṣọ tẹ́ ẹ bá gé láìtẹ̀lé bí òwú rẹ̀ ṣe lọ máa ń fà, ara rẹ̀ á lọ́ nígbà tẹ́ ẹ bá rán an tán. Àgékù abẹ́ abíyá ló máa ń ṣe bẹ́ẹ̀ jù.

Ó ti di aṣọ gígùn kan báyìí. Ẹ ká a sí méjì ní gígùn rẹ̀, ojú aṣọ sí inú, ẹ̀yìn aṣọ sí ìta. Ẹ fi pín-ìn mú un. Ẹ rán etí gígùn náà láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, kẹ́ ẹ fi ìdámẹ́rin ìńṣì sílẹ̀ létí. Ní ìbẹ̀rẹ̀ àti ní òpin, ẹ padà sẹ́yìn lórí rírán náà díẹ̀, kó má baà tú. Ẹ má rán ẹnu méjèèjì pa o. Ẹnu méjèèjì á wà ní ṣíṣí sílẹ̀.

Báwo la ṣe máa yí i síta? Ẹ mú pín-ìn tó ń pa ẹnu dé, irú èyí tí wọ́n fi ń so nápíkìn ọmọ. Ẹ fi há ẹnu kan, ẹ tì í bọ inú, ẹ máa fi ìka fà á lọ díẹ̀díẹ̀ títí á fi jáde lẹ́nu kejì. Díẹ̀díẹ̀ nimú ẹlẹ́dẹ̀ fi ń wọgbà. Ẹni tó bá fi agbára fà á, sátínì á ya mọ́ ọn lọ́wọ́.

Pín-ìn yẹn kan náà lẹ máa fi há orí rọ́bà. Àmọ́ ẹ tẹ́tí o, nítorí ibí yìí ni àwọn ọmọ iṣẹ́ ti ń fi àsìkò ṣòfò: kí ẹ tó ti rọ́bà wọlé, ẹ fi pín-ìn mìíràn kan ìdí rẹ̀ mọ́ ẹnu aṣọ. Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, bẹ́ ẹ bá ti ń fa orí, ìdí á wọlé tẹ̀ lé e, ẹ ó sì bẹ̀rẹ̀ látìbẹ̀rẹ̀. Nígbà tí orí bá jáde, ẹ gbé orí gun ìdí ní ìwọ̀n ìdajì ìńṣì, ẹ rán in lọ, ẹ rán in bọ̀, lẹ́ẹ̀mẹ́ta. Àwọn mìíràn máa ń ta á ní kókó. Kókó máa ń tú, ó sì máa ń hàn lábẹ́ aṣọ. Ẹ rán an. Lẹ́yìn náà, ẹ nà án dáadáa ní àìmọye ìgbà, kó tó di pé oníbàárà nà án. Bó bá máa já, ọwọ́ yín ni kó ti já.

Ó ku ẹnu méjèèjì. Ẹ ṣẹ́ etí ẹnu kan wọ inú ní ìwọ̀n ìdajì ìńṣì. Ẹ ki ẹnu kejì bọ inú rẹ̀. Ẹ wò ó kí ojú rírán méjèèjì ṣe déédéé, kí aṣọ má lọ́. Ẹ wá fi máṣíìnì rán an kọjá, tàbí kẹ́ ẹ fi ọwọ́ rán an bí ẹ kò bá fẹ́ kí ojú rírán hàn. Ó parí.

Ṣé ẹ rí i? Ẹ̀yin ọ̀gá télọ̀, ẹ̀yin ni mo ń bá sọ̀rọ̀ báyìí. Kí ni ọmọ iṣẹ́ kọ́ nínú nǹkan kékeré yìí? Ó kọ́ wíwọ̀n. Ó kọ́ rírán gbọọrọ láìwọ́. Ó kọ́ sísopọ̀ àti lílọ̀. Ó kọ́ yíyí síta, èyí tó máa nílò bó bá fẹ́ rán okùn èjìká gáùn. Ó kọ́ kíki rọ́bà, èyí tó máa nílò ní ìdí ṣòkòtò àti ní ọrùn ọwọ́ bùláòsì. Ó kọ́ pípa ẹnu aṣọ dé láìjẹ́ kí ojú rírán hàn. Gbogbo rẹ̀ wà nínú aṣọ tí ìbú rẹ̀ kò ju ìńṣì 4 lọ. Kékeré labẹ́rẹ́, kì í ṣe mímì fún adìyẹ. Bó bá bà á jẹ́, kò ba aṣọ oníbàárà jẹ́, kò sì sí ẹni tó máa pariwo lé e lórí. Ọ̀pọ̀ ọmọ iṣẹ́ ló ń lo oṣù pípẹ́ nídìí ọwọ̀ àti áyọ́ọ̀nù, tí wọn kì í dé ìdí máṣíìnì nítorí pé ọ̀gá ń bẹ̀rù aṣọ olóhun. Ẹ̀rù náà tọ́. Ṣùgbọ́n àgékù kò lẹ́rù. Ẹ fi fún wọn.

Alùfáà Samuel Johnson, tó jẹ́ pásítọ̀ ní ìlú Ọ̀yọ́, tí ìwé ìtàn Yorùbá rẹ̀ jáde ní 1921, kọ ọ́ pé ọkùnrin ló ń ṣe iṣẹ́ ìránṣọ jù nígbà ayé rẹ̀, torí pé ẹ̀wù ọkùnrin ló ń fẹ́ télọ̀, aṣọ ìró ló tó obìnrin. Ẹ wo ṣọ́ọ̀bù yín lónìí. Àwọn ọmọbìnrin ló kún ibẹ̀. Ọ̀pọ̀ wọn ń fẹsẹ̀ rìn wá láti ilé, wọn ò sì ní kọ́bọ̀ tí wọ́n máa fi ra búrẹ́dì lọ́sàn-án. Ẹni tó bá lè rán rọ́bà márùn-ún láàárín iṣẹ́ ọ̀gá, tó sì tà á, á rí nǹkan mú lọ sílé.

Ṣùgbọ́n ẹ dúró o. Ta ló ni àgékù? Ìbéèrè yìí ló ṣe pàtàkì jù nínú gbogbo ohun tí mo fẹ́ sọ, mi ò sì fẹ́ fò ó. Oníbàárà ló ra aṣọ. Tiẹ̀ ni gbogbo rẹ̀, títí kan èyí tó bọ́ sílẹ̀. A sì mọ ohun tí àwọn oníbàárà máa ń sọ lẹ́yìn télọ̀, pé télọ̀ ti fi aṣọ àwọn rán ṣòkòtò fún ọmọ rẹ̀. Ọ̀rọ̀ yìí ń dun télọ̀ tó jẹ́ olóòótọ́. Kí la lè ṣe sí i?

Ohun tí mo gbà gbọ́ nìyí. Bí ìyókù bá tó rán fìlà, tàbí gèlè, tàbí aṣọ ọmọ ọwọ́, kì í ṣe àgékù. Aṣọ ni. Ẹ ká a, ẹ dá a padà fún olówó rẹ̀ láìjẹ́ pé ó béèrè. Èyí tí kò bá tó ìyẹn, ẹ bi í léèrè lọ́jọ́ tó gbé aṣọ wá: “Ẹ jọ̀ọ́ mà, ṣé ká kó àgékù yín fún yín, àbí kí àwọn ọmọ fi kọ́ṣẹ́?” Ìbéèrè kan ṣoṣo ni. Àwọn tó pọ̀ jù ló máa ní kí àwọn ọmọ máa mú un. Ẹni tó bá ní òun ń fẹ́ ẹ, ẹ kó o sínú láílọ́ọ̀nù, ẹ gbé e lé orí aṣọ rẹ̀. Fún ẹni tó bá fi í sílẹ̀, ẹ rán rọ́bà kan tàbí méjì nínú aṣọ rẹ̀ gan-an, ẹ fi sórí aṣọ náà lọ́fẹ̀ẹ́. Ojú rẹ̀ ló máa rí ibi tí àgékù lọ.

Nídìí aṣọ ẹbí ni èyí ti máa ń dùn jù. Bí ìnáwó bá wà, tí ogún obìnrin gbé àǹkárá kan náà wá sọ́dọ̀ télọ̀ kan, àgékù ogún obìnrin ló wà nílẹ̀ yẹn, àwọ̀ kan náà, òdòdó kan náà. Ẹ lè sọ fún olórí ìnáwó pé ẹ máa fi rán rọ́bà ìdìrun fún gbogbo ọmọbìnrin ẹbí, kí wọ́n wọ̀ ọ́ lọ́jọ́ náà. Ẹ lè rán an fún àlejò gẹ́gẹ́ bí ìrántí. Iye tí wọ́n bá sì san fún iṣẹ́ ọwọ́ yín, ẹ̀tọ́ yín ni, nítorí wọ́n mọ̀, wọ́n sì gbà.

Níbo la máa tà á, yàtọ̀ sí ibi ìnáwó? Ará Ògbómọ̀ṣọ́, Yunifásítì LAUTECH wà lọ́dọ̀ yín láti ọdún 1990. Ní àdúgbò Under G nìkan, ẹ lè ka iye orí ọmọbìnrin tó ń kọjá láàárọ̀? Ará Ọ̀yọ́, Yunifásítì Ajayi Crowther wà níbẹ̀, Kọ́lẹ́ẹ̀jì Ẹ̀kọ́ Ìjọba Àpapọ̀ ti Àkànṣe náà wà níbẹ̀. Akẹ́kọ̀ọ́ ń fẹ́ ohun tó lẹ́wà tí kò wọ́n. Ẹ to àwọ̀ tó bára mu pọ̀, méjì méjì tàbí mẹ́ta mẹ́ta. Ẹ má kàn dà á rú sínú ike.

Iye tí ẹ máa pè é ńkọ́? Mi ò ní dá iye lé yín lórí, ọjà ń yí padà. Ṣùgbọ́n mo lè sọ bí ẹ ṣe máa ṣírò rẹ̀. Yáàdì kan jẹ́ ìńṣì 36. Bí rọ́bà kọ̀ọ̀kan bá jẹ́ ìńṣì 9, yáàdì kan á fún yín ní mẹ́rin. Ẹ pín owó yáàdì rọ́bà sí mẹ́rin. Ẹ fi owó òwú kún un, ẹ fi ti iná tàbí epo jẹnẹrétọ̀ kún un, ẹ wá fi owó ọwọ́ yín lé e. Ẹ má sọ pé aṣọ kò ná yín ní nǹkan kan, kẹ́ ẹ wá tà á bí ohun tí ẹ ṣa nílẹ̀. Àsìkò tí ẹ fi yà á sọ́tọ̀, tí ẹ fi fọ̀ ọ́, tí ẹ fi lọ̀ ọ́, owó ni.

Ọ̀gá àti ọmọ iṣẹ́, ẹ jókòó kẹ́ ẹ tó bẹ̀rẹ̀, kẹ́ ẹ sọ bí ẹ ṣe máa pín in. Bí ọ̀gá ló ra rọ́bà àti òwú, kó yọ owó rẹ̀, kí ìyókù sì jẹ́ ti ọmọ tó rán an. Mo mọ̀ pé àwọn ọ̀gá kan máa ní gbogbo ohun tó bá wà nínú ṣọ́ọ̀bù, tàwọn ni. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ rò ó wò. Ọmọ tó bá ti ń rí owó kékeré nídìí iṣẹ́ kì í sá fi iṣẹ́ sílẹ̀ kó tó gba fírídọ̀ọ̀mù.

Kí n tó lọ, ẹ gbọ́ ohun tí mo fẹ́ kẹ́ ẹ ṣe lónìí, kẹ́ ẹ tó ti ṣọ́ọ̀bù. Ẹ tú àpò àgékù yẹn sílẹ̀. Èyí tó bá fẹ̀ tó ìńṣì 4, ẹ kó o sápá kan: rọ́bà ìdìrun ni. Èyí tó bá kéré jù bẹ́ẹ̀ lọ, ẹ kó o sápá kejì: inú ìrọ̀rí ló ń lọ. Èyí tó bá tóbi tó fìlà, ẹ kọ orúkọ olówó rẹ̀ mọ́ ọn, ẹ gbé e sókè. Ẹ sì bi ara yín léèrè orúkọ ta ló wà lára rẹ̀ tẹ́ ẹ ti gbàgbé láti dá a padà fún. Ẹ pè é kí ilẹ̀ tó ṣú.

Lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀, lákòókò yìí kan náà, mo máa gba ìbéèrè lọ́wọ́ àwọn tó ti rán tiwọn.